Ìbéèrè Àkọ́kọ́ Kì Í Ṣe Iṣẹ́: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Mọ Èèyàn Lẹ́nu Iṣẹ́ Láìtẹ́

Níbi ayẹyẹ ìdágbére àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde, ẹnìkan á gba gbohùngbohùn, á ní, "Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó mọ́ o. Ẹ máa mọ èèyàn." Gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Olùbánisọ̀rọ̀ á wọkọ̀, á lọ. Ohun tí kò sọ ni bí ọmọ ogún ọdún tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí ṣe ń mọ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Kí ni yóò sọ? Bí ẹni yẹn kò bá fèsì ńkọ́? Networking ni àwọn ọmọ Yunifásítì ń pè é, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ó ní ìlànà, ìlànà náà kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń rò. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí wọ́n ń pàdánù àǹfààní kìkì nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìlà méjì sí ẹni tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan gbà pé mímọ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí kéèyàn ní bàbá olówó, tàbí àbúrò bàbá ní Àbújá tí yóò kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Wọn kò ṣàdédé rò bẹ́ẹ̀. Nílùú wa, "mo mọ ẹnìkan níbẹ̀" ti gbé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò yẹ wọlé, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ẹni tó yẹ síta. Àmọ́ ohun tí mò ń sọ níbí yàtọ̀. Ẹni tó gba ẹ̀yìn wọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ti gba ipò ẹlòmíràn. Ẹni tó bi onímọ̀ ẹ̀rọ kan léèrè pé irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ wọn, tó lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó kéde àyè iṣẹ́, kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ ló wá, ìmọ̀ ló rí.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n rò pé kíkó nọ́ńbà jọ ni. Bí ìpàdé bá ti parí, wọ́n á rọ́ yí àlejò pàtàkì ká, wọ́n á gba nọ́ńbà, wọ́n á ya sẹ́lífì, wọ́n á gbé e sórí status. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àlejò náà kò lè dá ẹnìkankan mọ̀ nínú wọn, àwọn náà kò sì ní ohun kankan láti bá a sọ. Nọ́ńbà tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ yín kò wúlò ju nọ́ńbà tí ẹ kà lára pátákó ìpolówó lọ.

Kí ló wá ń mú kí mímọ èèyàn ṣiṣẹ́? Ní 1973, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ó ti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìlú Newton, lẹ́bàá Boston, lórí bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó mú àwọn tó gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, ó bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń rí ẹni náà nígbà yẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún, 16.7 péré ló ń rí i lemọ́lemọ́, ìyẹn ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. 55.6 ló ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. 27.8 kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ojúlùmọ̀ ló gbé ìròyìn iṣẹ́ wá fún púpọ̀ nínú wọn, ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó lóye. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ni àwọn náà mọ̀. Inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan náà ni gbogbo yín wà, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan níbi ìgbéyàwó ní Òṣogbo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ní Ọ̀tà, ìròyìn tó ń kọjá lójú tirẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè dé họ́sítẹ́ẹ̀lì yín láé. Ní 2022, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí tó tóbi ju ti Granovetter lọ jáde, èyí tí wọ́n fi ìsọfúnni àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọ ara wọn, ṣe fún ọdún márùn-ún. Àbájáde rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ó sì fi kún un pé àwọn ojúlùmọ̀ tó wà láàárín méjì, tí wọn kò sún mọ́ni jù tí wọn kò sì jìnnà jù, ni wọ́n ń mú èèyàn dé ibi iṣẹ́ tuntun jù lọ.

Ẹ wo ìtura tó wà nínú èyí fún ọmọ tí kò ní ẹnìkankan. Kò pọn dandan kí ẹ di ọmọ ilé ọ̀gá kankan. Ohun tí ẹ nílò ni kí èèyàn mélòó kan, ní ibi tí ẹ̀yin kò sí, mọ orúkọ yín, kí wọ́n mọ ohun tí ẹ ń kọ́, kí wọ́n sì rántí pé ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ ni yín.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá iṣẹ́": ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ láti fúnni. Kò gba èèyàn síṣẹ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wá ibi tó sàn jù. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó kù fún un ni "kò sí," bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ojú á ti ẹ̀yin, á ti òun náà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní ohun tó mọ̀, tó lè dáhùn lórí ìdúró, inú rẹ̀ á dùn láti dáhùn. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń bi í bá fẹ́ gbọ́ ní tòótọ́.

Kí ìbéèrè náà ní igun. "Ẹ gbà mí nímọ̀ràn nípa ayé mi" ti fẹ̀ jù, kò sí ibi tí ẹni náà máa ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó lè bi àkáǹtáǹtì kan nípa ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn àkáǹtáǹtì, pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ICAN nígbà tí ẹ ṣì wà ní Yunifásítì, ìpele wo lẹ rò pé èèyàn lè ṣe tán kó tó jáde?" Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lè béèrè pé: "Nínú àwọn sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń yàwòrán, èwo lẹ ń lò jù níbi iṣẹ́ yín?" Ìbéèrè báyìí ń fi hàn pé ẹ ti ronú kí ẹ tó wá, ìdáhùn rẹ̀ á sì wúlò fún yín, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí WhatsApp, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ kan tí a kò mọ̀ á kọ ọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó parí. Ó ń retí kí ẹ kí òun padà kó tó sọ ohun tó bá wá. Ẹ ó dáhùn ní aago mọ́kànlá. Ní aago kan ọ̀sán, ó tún dé: "Ṣé dáadáa lẹ wà sà?" Ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó mọ ohun tó ń fẹ́.

Mi ò bú ọmọ náà, torí mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Lójúkojú, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ọmọ á kí àgbà, á dúró kí àgbà dáhùn, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹjọ́ ẹnu rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Lórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì yẹn di odidi ọjọ́, ìkíni tí ẹ fi bu ọlá fún ẹni náà sì di ohun tó ń dà á láàmú láàárín iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kí i, kí ẹ sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yín nínú ìkíni yẹn kan náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ ọmọ tó ń wá ibi tó ti máa ṣe SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe nílé iṣẹ́ kó tó jáde. Èdè tó bá wù yín lẹ lè fi kọ ọ́:

"Ẹ káàsán mà. Lágbájá ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta nínú microbiology ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà Lámọrín, olùkọ́ wa, ló ní kí n kọ̀wé sí yín, wọ́n sì gbà kí n dárúkọ àwọn. Mo fẹ́ ṣe SIWES ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan mímu. Ìbéèrè kan ni mo ní: nínú àwọn àyẹ̀wò tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ní láàbù yín, èwo lẹ rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ ọ́n ṣe bí wọ́n bá dé? Bí àyè kò bá sí lásìkò yìí, ó yé mi, mà. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí ti mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ó ti mọ ọ̀nà tí nọ́ńbà òun gbà dé ọwọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tó ń fẹ́, ó sì mọ̀ pé òun lè sọ pé òun kò ráyè láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn máa ń tètè dáhùn bí wọ́n bá mọ̀ pé wọn kò fi ipá mú wọn.

Ẹ sì kíyè sí ọ̀rọ̀ Dókítà Lámọrín. Ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà ẹlòmíràn ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún yín. Ẹ bi í kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì yọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kí ẹ wá ṣe bí ẹni pé ẹnìkan ló fún yín. Bí ẹ bá hùwà tí kò dáa sí ẹni tí wọ́n mú yín lọ bá, ẹ ti ba orúkọ alárinà jẹ́, kò sì ní mú akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló máa jìyà rẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ẹ má pe àjèjì lórí fóònù láìjẹ́ pé ẹ ti bi í pé ìgbà wo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má fíláàṣì ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ ohùn yín, ó lè wà nínú ìpàdé tàbí nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ má kọ̀wé ní aago mọ́kànlá òru. Ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àwọn tí ẹ ń fi àdúrà àárọ̀ àti ìpolówó aṣọ ránṣẹ́ sí. Bí kò bá fèsì, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá tún fèsì, ẹ fi í sílẹ̀. Àìfèsì kì í sábà jẹ́ ìkórìíra. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ lè tún pàdé níbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ kò yọ òun lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ìtẹríba náà ń da àwọn ọmọ láàmú. Ní ọ́fíìsì ilẹ̀ wa, "sà" àti "mà" kò tíì ṣi èèyàn lọ́nà. Bí ẹni náà bá jẹ́ Dókítà, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹnjiníà tàbí Barísítà, tó sì kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má pe ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní "Daddy" tàbí "Mummy". Ó dà bí ẹni tó fẹ́ di ẹrù lé wọn lórí, àwọn mìíràn sì máa ń rò pé ohun mìíràn wà nídìí rẹ̀. Ní àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi àwọn tó wà ní Yábàá, ẹ lè bá ọ̀gá pàdé tó máa ní kí ẹ má pe òun ní sà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ní àyè tiwọn. Ní ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí èèyàn ń kọjá, kí ẹ tẹ orúnkún tàbí kí ẹ tẹrí ba díẹ̀ ti tó. Ẹ má sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Bí òun bá nawọ́, ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa.

Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé ní Britain tàbí Amẹ́ríkà ń bá òdìkejì rẹ̀ pàdé. Níbẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún á ní kí ẹ pe òun ní orúkọ òun gan-an, ahọ́n yín á sì kọ̀ ọ́. Ohun tó rọrùn ni kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ìméèlì tó kọ sí yín. Bó bá fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ nìkan, ó ti sọ bó ṣe fẹ́ kí ẹ pe òun. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ẹ lo oyè rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Ẹ wò ó lójú bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú tí a gbé sílẹ̀ nílé fún ọ̀wọ̀, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé àìdánilójú ni.

Ohun kan tó tún ń ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa léṣe ni ìdákẹ́jẹ́. Nílé, ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá tó ń fi iṣẹ́ hàn yín ń retí ìbéèrè. Bí ẹ bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní rò pé ẹ bọ̀wọ̀ fún òun, á rò pé iṣẹ́ náà kò wù yín. Ẹ kọ ìbéèrè méjì sínú ìwé kí ẹ tó lọ. Bí àyà bá ń já yín, ẹ kà á látinú ìwé, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa pàdé àwọn èèyàn yìí, kò sí ibi tó dáa tó SIWES, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ bí a ṣe ń fi í ṣòfò. Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, gbé ètò náà kalẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí iṣẹ́ tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yunifásítì ń lò, oṣù mẹ́rin ni ti àwọn ọmọ pólì. Àmọ́ àwọn kan ń wá ibi tí ẹnìkan á kàn máa bá wọn fọwọ́ sí logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn sí, kí wọ́n lè jókòó sílé. Oṣù mẹ́fà láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, láìjẹ́ pé ẹ ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín sọ̀rọ̀! Kò tún sí ìgbà mìíràn tí ẹ máa rí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ orúkọ gbogbo èèyàn, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lọ sókè. Akọ̀wé ọ̀gá ló mọ ìgbà tí ọ̀gá ráyè. Tẹkinísíánì tó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ mọ ohun tí ìwé kò kọ, òun ló sì máa ń ṣàlàyé jù bí ọmọ bá tẹ́tí. Ẹ má gbé àwòrán inú ilé iṣẹ́ sórí status láìgba àṣẹ. Ẹ jẹun pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ dípò kí ẹ tẹjú mọ́ fóònù ní igun. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lọ, ẹ bi ẹni tó ń bójú tó yín pé: "Sà, pẹ̀lú ohun tí ẹ ti rí nínú iṣẹ́ mi, ta lẹ rò pé ó yẹ kí n tún bá sọ̀rọ̀ láti kọ́ sí i?" Ìbéèrè yìí ló ń sọ ojúlùmọ̀ kan di mẹ́ta. Ẹ gba ìméèlì wọn pẹ̀lú, torí àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Ẹ bi wọ́n nísinsìnyí bóyá wọ́n á gbà kí ẹ fi orúkọ wọn sínú CV yín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nígbà tí wọ́n ṣì rántí iṣẹ́ tí ẹ ṣe.

Àwọn tí ẹ̀ka wọn kò ní SIWES lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, NSE, ti wà láti 1958, ICAN láti 1965, àwọn méjèèjì sì ní àyè fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìpàdé tó tóbi, ẹ fi ara yín sílẹ̀ láti bá wọn jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa dárúkọ ara rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa kí i káàbọ̀, ojú yín á sì ti mọra kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì láti tọ èèyàn lọ, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́ jù.

Ọpẹ́ wá ńkọ́? Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àṣà wa tún jinlẹ̀ ju ọpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ: bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ á tún padà wá sọ pé ẹ ṣeun àná. Ẹ gbé àṣà yìí wọ inú iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ẹ dúpẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ padà wá jábọ̀: "Mà, mo kọ́ àyẹ̀wò tí ẹ sọ níjọ́sí. Wọ́n gbà mí fún SIWES, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí." Mo ti rí àgbà òṣìṣẹ́ tó ka irú ọ̀rọ̀ yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gba ìmọ̀ràn, wọn ò padà wá sọ ibi tó já sí. Ẹni tó bá ṣe é, wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀bùn kò pọn dandan o, pàápàá fún òṣìṣẹ́ ìjọba, torí ó lè dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

LinkedIn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lo orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yín, àwòrán tí ojú yín hàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pe ara rẹ̀ ní CEO ilé iṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan ń lé àwọn tó mọ̀ sá. Bí ẹ bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹnìkan, ẹ kọ ìlà kan sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dẹ pàkúté. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín gba àyè iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí nílé òun lálẹ́, ẹ dá a lóhùn pé: "Ẹ ṣeun sà. Ṣé mo lè wá sí ọ́fíìsì yín lọ́sàn-án?" Ẹni tó fẹ́ ran yín lọ́wọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Bó bá bínú, ẹ ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnìkan. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ẹ̀bi yín kọ́, ẹ má sì dá a gbé. Ẹ sọ fún olùkọ́ tàbí òbí tí ẹ fọkàn tán. Ìtẹríba kò tíì di kéèyàn má lè sọ pé rárá.

Ẹ má sì wo òkè nìkan. Ẹni tó jókòó tì yín ní kíláàsì yóò wà ní ilé ìfowópamọ́, ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ẹjọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i. NYSC á fọ́n gbogbo yín ká, á sì kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn níbi CDS, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ìkéde iṣẹ́ tí kò bá ohun tí ẹ kà mu, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá mu. Ẹni tí ń fúnni ní ìròyìn ni wọ́n ń rántí fún ní ìròyìn, kò sì ní ọjọ́ orí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé kan sínú fóònù yín. Bí ẹ bá ti pàdé ẹnìkan, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ẹ ti pàdé, ohun tó sọ fún yín, àti ohun tí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa ṣe. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa padà jábọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.